Mojí, Má Tíì Gbin Nǹkan Kan Sẹ́yìn Ilé Yẹn

Highbridge, Bronx
Ìrọ̀lẹ́ Túsìdè

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí, mi ò lè wò ọ́ lójú kí n sọ ọ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ lórí fóònù láàárọ̀ àná. Mo ní, "Mojí, nípa ẹ̀yìn ilé yẹn," o sì dá mi lóhùn kíá pé, "Mọ́mì, ẹ má ṣèyọnu, Dàpọ̀ ti ra ṣọ́bìrì." Ìyanu ọmọ rẹ bú sẹ́kún lẹ́yìn rẹ, o ní wàá pè mí padà, iṣẹ́ ò sì jẹ́ kó o rántí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó tí mò ń kọ ọ́. Ka gbogbo rẹ̀. Ibi tí Yorùbá mi bá ti le jù fún ọ, kí Dàpọ̀ ọkọ rẹ kà á fún ọ, ọmọ Iléṣà ni, kò ní ṣì í kà. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin méjèèjì kà á tán kó tó di Sátidé.

Mo wo fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ sí mi títí ojú fi ro mí. Mo rí igbó tó ga dé ojú fèrèsé, mo rí ilẹ̀ gígùn kan tó lọ láti ara ògiri títí dé fẹ́ńsì, tí ẹnikẹ́ni ò tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́. O kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé lópin ọ̀sẹ̀ ẹ máa ṣán an, ẹ máa gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Gbogbo ìyẹn dára. Ohun tó já mi láyà ni Ìyanu tó jókòó ní igun fọ́tò náà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú erùpẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti dúdú.

Àbẹ̀kẹ́, mo bẹ̀ ọ́. Bí o ò bá tiẹ̀ ní ka èyí tó kù, gbọ́ eléyìí: ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn tún jókòó sórí ilẹ̀ náà títí a ó fi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì tíì gbin nǹkan kan tí ẹnu máa jẹ síbẹ̀.

Ẹ kú ilé tuntun o. Mi ò bá ayọ̀ yín jà. Nígbà tó o sọ pé ẹ rí ilé tó ní ẹ̀yìnkùlé ní Morris Heights, orí ìdúró ni mo ti dúpẹ́, pé ọmọ tìrẹ ò ní dàgbà sórí àtẹ̀gùn àjà karùn-ún bí ìwọ ṣe dàgbà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo ti fi pa mọ́ fún ọ láti kékeré rẹ. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, òwe tí mo fi ń tan ara mi jẹ nìyẹn. Bí mo bá tún jẹ́ kó wà níkùn mi di Sátidé, àṣìṣe kan náà ni mò ń ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

O lè má rántí, torí o ò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà náà. Dádì rẹ ṣì wà ní Nàìjíríà, ó ń retí ìwé. Èmi àti ìwọ nìkan la wà nínú yàrá kan níbí, lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí. Ìyá arúgbó kan ni mò ń lọ tọ́jú lójoojúmọ́ ní Grand Concourse, mò ń wẹ̀ fún un, mò ń fún un lóògùn, mò ń bá a jẹun. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní ni Àǹtí Sẹ̀gi. Irú iṣẹ́ kan náà là ń ṣe, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ. Bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, òun ló ń bá mi mójú tó ọ, bí òun náà bá wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni mò ń bá a mójú tó Kúnlé ọmọ rẹ̀. Oṣù díẹ̀ ni Kúnlé fi jù ọ́ lọ. Fọlákẹ́ ni Sẹ̀gi ń pè mí, Sẹ̀gi ni mò ń pè é. Kò sí "ẹ" láàárín wa.

Ẹ̀yìn ilé wa nígbà náà ò yàtọ̀ sí ohun tí mo rí nínú fọ́tò rẹ. Ilẹ̀ kan wà láàárín ògiri àti fẹ́ńsì, ó gùn bí bọ́ọ̀sì, igbó ti jẹ ẹ́ run. Ewéko kan wà níbẹ̀ tí abẹ́ ewé rẹ̀ funfun, tó ga jù mí lọ. Ìtàkùn kan ń gun un, ó ní òdòdó funfun bí fèrè kékeré, ó lẹ́wà, àmọ́ ó ti lọ́ gbogbo nǹkan yòókù lọ́rùn pa. Igi kan tún ń hù láàárín sìmẹ́ńtì, bó o bá já ewé rẹ̀, á máa rùn bí ẹ̀pà tó ti bàjẹ́. Àfọ́kù ìgò, irin bẹ́ẹ̀dì, gbogbo rẹ̀ wà nínú ẹ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkirè ni bàbá mi ti dá oko kòkó títí ó fi kú. Mo wo ilẹ̀ yẹn, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí yún mi. Mo bi ọkùnrin tó ń bójú tó ilé náà bóyá mo lè dáko síbẹ̀, ó ní kò kan òun. Bí mo ṣe wọ inú igbó náà láàárọ̀ Sátidé kan nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀bẹ ńlá tí mo fi ń gé ẹran.

Bàbá aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà kan ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wa, Míṣítà Ẹ́lísì. Ó ti wà nínú ilé náà kó tó di pé ẹnikẹ́ni nínú wa dé. Ó gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń wò mí. Nígbà tó yá, ó ní, "Kí lo fẹ́ gbìn síbẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ̀fọ́, sà."

"Èyí tí ẹ máa jẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó mi orí. "Ilé kan wà níbẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Ó jóná. Wọn ò kó o lọ, wọ́n kàn tì í wọ inú kòtò ni, wọ́n da erùpẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní fi oúnjẹ ibẹ̀ bọ́ ọmọ mi."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹrí ba, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Nínú ọkàn mi, mo pòṣé. Nírọ̀lẹ́, mo sọ fún Sẹ̀gi pé, "Bàbá yẹn ò gbin ewé kan ṣoṣo láti ìgbà tó ti ń gbébẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíì gbìn."

Sẹ̀gi rẹ́rìn-ín. "Má dá a lóhùn, jàre. Kí ni ilé tó ti jó fẹ́ fi ẹ̀fọ́ ṣe?"

Èkíní nínú ohun tí mo fẹ́ kó o gbọ́ nìyẹn, ọmọ mi. Bí o bá dé ibi tí o ò mọ̀, wá ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ jù lọ kó o bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀? Bó bá dáhùn, má wo aṣọ ọrùn rẹ̀, má wo bóyá ó fẹ́ràn rẹ. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Mo mọ òwe yẹn láti Ìkirè. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé àgbà ìlú òyìnbó náà wà lára àwọn tí òwe ń bá wí.

Àṣìṣe kejì fẹ́ẹ̀rẹ́ ju ìyẹn lọ, o lè fi rẹ́rìn-ín. Mi ò hú gbòǹgbò. Mo ṣán igbó náà mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gé irun, mo kọ ebè, mo gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ níparí oṣù kẹta, bí ẹni pé Ìkirè ni mo wà. Òtútù pa gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Nígbà tí ooru dé, ìtàkùn olódòdó funfun yẹn ló kọ́kọ́ jí. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun bí okùn bàtà, ó ń sá lọ lábẹ́ ilẹ̀, bó o bá sì já a sí mẹ́ta, mẹ́ta ló máa hù. Mo kúnlẹ̀ hú u fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tún gbìn, ó sì gbèrú.

Mojí, ó gbèrú! Tẹ̀tẹ̀ náà fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Ata so, ilá so. Inú àwọn ayálégbé ilé wa dùn, wọ́n ń ya fọ́tò. Mò ń di ẹ̀fọ́ ní ìdì ìdì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwọn ìyá ń sọ pé, "Fọlákẹ́, o gbé ilé wá bá wa." Orí mi wú. Ẹ̀yin méjèèjì, ìwọ àti Kúnlé, inú ebè lẹ máa ń wà. Ẹ máa ń fi ike bu erùpẹ̀, ẹ máa ń pò ó pẹ̀lú omi, ẹ ní àkàrà lẹ̀ ń dín. Ẹ máa ń tọ́ ọ wò bóyá iyọ̀ ti tó.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, mo mú ọ lọ sí klíníìkì fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kékeré. Ọjọ́ Fúráìdè ni fóònù dún. Mo wà nílé ìyá arúgbó yẹn, mò ń bọ bàtà fún un. Nọ́ọ̀sì ní òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, ó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òjé, irú èyí tí wọ́n máa ń pò mọ́ ọ̀dà àwọn ilé àtijọ́, bí ilé tó jóná yẹn. Ó ní kì í ṣe ohun tí ojú ń rí, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ọpọlọ ọmọdé ní jàǹbá bó bá pẹ́. Ó bi mí bóyá ọ̀dà ilé wa ń ṣí. Mo ní rárá, onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni. Ó wá bi mí pé, "Ṣé ọmọ yìí máa ń fi erùpẹ̀ ṣeré?"

Mo ní, "Rárá."

Mi ò ronú kí n tó sọ ọ́. Ó kàn jáde lẹ́nu mi. Ìwé mi ò tíì pé nígbà náà, Dádì rẹ ò sí lọ́dọ̀ mi, mo sì ti gbọ́ oríṣiríṣi ìtàn pé ní ìlú yìí, bí o bá ṣe ọmọ rẹ ní jàǹbá, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ. Èmi tó fi ọwọ́ ara mi bu májèlé sínú abọ́ rẹ, kí ni mo máa sọ fún wọn? Ìyá arúgbó náà ní mo ti wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún òun. Mo bọ́ ọ, mo tún un wọ̀.

Mo gbé ọ kúrò nínú ilẹ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Mo da gbogbo ẹ̀fọ́ tó wà nínú fìríìjì wa nù. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mo sọ fún ara mi pé kò tíì dá mi lójú. Bóyá ẹ̀rọ omi ni, bóyá wọ́n ṣi ẹ̀jẹ̀ ọmọ mìíràn mú fún tìrẹ.

Lọ́jọ́ Túsìdè, Sẹ̀gi gbé ọ̀rá wá. Ó ní, "Fọlákẹ́, mo fẹ́ já díẹ̀." Kúnlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti sáré lọ síbi ebè. Mo ro bó ṣe máa ké bí mo bá sọ ọ́, bí àwọn ará ilé ṣe máa yọjú, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wò ó bó ṣe ń já a, ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó ní, "O ò sọ̀rọ̀ lónìí." Mo ní ó rẹ̀ mí. Nígbà tó já a tán, ọ̀rá náà kún débi pé kò lè dì í. Mo bá a dì í.

Èyí tó ń dùn mí jù nìyẹn, Mojí. Kì í ṣe pé mo gbìn ín. Ẹni tí kò mọ̀, a lè dárí jì í. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀, mo sì bá a di ọ̀rá náà.

Mi ò sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, a jọ dúró lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Sẹ̀gi ní Kúnlé ò jẹun dáadáa láti ọjọ́ mẹ́ta, inú ń run ún. Ó ní, "Mo fẹ́ lọ se ìyókù ẹ̀fọ́ yẹn fún un, kó lè ní ẹ̀jẹ̀ lára."

Mo ní, "Sẹ̀gi, má sè é."

"Kí ló dé?"

"Da ẹ̀fọ́ náà nù. Òjé wà nínú ilẹ̀ yẹn. Ó ti wọ ẹ̀jẹ̀ Mojí."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Klíníìkì."

"Ìgbà wo ni wọ́n sọ fún ọ?"

"Fúráìdè."

"Ìjẹta?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí tún gèlè mi wé.

"Fọlákẹ́. Fúráìdè wo?"

Mo ní, "Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Mo rí bó ṣe ń ka ọjọ́ náà lẹ́nu. Ó ní, "Túsìdè ni mo wá já ẹ̀fọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O dúró tì mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O bá mi di ọ̀rá."

Kò pariwo, kò gbá mi létí. Gbogbo ohun tí mo ti ń bẹ̀rù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò ṣe ọ̀kankan. Ó gbé Kúnlé lé èjìká, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Bàtà ọmọ náà kan bọ́ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo pè é, kò yíjú padà. Mo mú bàtà náà dání, mo dúró síbẹ̀ títí àwọn èèyàn fi tán.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo lọ sí klíníìkì, mo bá nọ́ọ̀sì yẹn, mo sọ òtítọ́ fún un. Mo ti múra sílẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ó kàn fa àga fún mi ni. Ó ní, "Ìwọ kọ́ ni ìyá àkọ́kọ́ tó ń bẹ̀rù wa. O ṣeun tó o wá. A ti wá mọ ibi tó ti wá báyìí, a lè dá a dúró." Ó kọ́ mi ní oúnjẹ tí mo máa fún ọ, ó dá ọjọ́ fún àyẹ̀wò mìíràn. Kò sẹ́ni tó gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà, mo lọ kan ilẹ̀kùn gbogbo ilé tí mo ti fún lẹ́fọ̀ọ́, ilé méje, mo ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ṣàánú mi. Àwọn kan ò tún kí mi mọ́.

Èyí ni mo fẹ́ kí ìwọ àti Dàpọ̀ fi sọ́kàn nínú ilé yín, kódà bí ẹ ò gbin ewé kan ṣoṣo. Ìròyìn burúkú kì í dúró jẹ́jẹ́ bó o bá pa á mọ́, ó máa ń wá àwọn èèyàn kún ara rẹ̀ ni. Bí ọkàn rẹ bá ń sọ fún ọ pé, "Jẹ́ kó dá mi lójú ná," bi ara rẹ pé ta ló ń jẹ nínú abọ́ náà bó o ṣe ń dúró. Bí Dàpọ̀ bá ṣe ohun tó kù díẹ̀ káàtó, jẹ́ kó rí ojú tó lè sọ ọ́ fún. Kí ìwọ náà má sì dúró di ọjọ́ mẹ́sàn-án kó o tó sọ tìrẹ.

Kúnlé ṣe àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Òjé ara rẹ̀ ju tìrẹ lọ. Tìrẹ ti lọ sílẹ̀ kí ìgbà ooru mìíràn tó dé, dókítà sì sọ pé ká dúpẹ́. Tirẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó mọ ìwé kà. Mo pàdé Sẹ̀gi nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa kan ní Grand Concourse ní ọdún tí wọ́n ní kí Kúnlé tún kíláàsì kejì kà. Mo kí i. Ó dá mi lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ káàsán, Ìyá Mojí. Mi ò sọ pé ẹ̀fọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní mọ̀ láéláé. Ẹ̀yin náà ò ní mọ̀." Mo ní, "Sẹ̀gi, èmi lò ń pè ní ẹ?" Ó ti kọjá lọ síbi tí wọ́n ń ta gààrí. Wọ́n kó lọ sí Texas lẹ́yìn ọdún yẹn. Kúnlé ti dàgbà, iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe, mo gbọ́ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Bí ọdún bá yí po, ìyá rẹ̀ máa ń kọ sí mi lórí fóònù pé, "Ẹ kú ọdún, Ìyá Mojí." Mo máa ń dá a lóhùn. Kò kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ rí.

Nígbà tí òjò yìnyín lọ, mo lọ bá Míṣítà Ẹ́lísì. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, kò jẹ́. Mo sọ pé ó kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Ó wá ní, "Ó yẹ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí i pé o ò gbà mí gbọ́, mo sì jẹ́ kó lọ." Òun ló ràn mí lọ́wọ́ tá a fi sọ ilẹ̀ yẹn di ohun tó o mọ̀. Àwọn àpótí onígi tó o ti ká tòmátì nínú wọn títí o fi lọ sí yunifásítì, tó o rò pé ẹwà ni mo fi wọ́n ṣe, ìdí tá a fi kọ́ wọn nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń pariwo bàtà lẹ́nu ọ̀nà àti ọwọ́ fífọ̀ náà nìyẹn. O máa ń sọ pé mo le jù.

Nítorí náà, bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Èyí tí mo bá gbàgbé, màá sọ ọ́ fún yín bí mo bá rántí.

Ẹ bu erùpẹ̀ lójú mẹ́fà, lára ògiri, láàárín, lára fẹ́ńsì, ẹ fi ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ilẹ̀ wò. Àwọn yunifásítì kan máa ń ṣe é. Títí èsì yóò fi dé, ilẹ̀ náà dà bí iná. Ẹ pe dókítà Ìyanu ní ọ̀la, àní ọ̀la, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bó bá bi yín bóyá ọmọ náà fọwọ́ kan erùpẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Igbó náà, ẹ lè ṣán an bí òjò bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ tutù, kí eruku má baà gbéra. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ bọ́ aṣọ náà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ. Ẹ má gé e lórí nìkan o. Ẹ fi ìka tọ gbòǹgbò funfun yẹn títí dé ìdí. Ẹ má kó o sínú àkìtàn tẹ́ ẹ máa fi ṣe ajílẹ̀, inú ọ̀rá ni kẹ́ ẹ dì í sí.

Bí èsì bá ní òjé wà níbẹ̀, ẹ má sunkún. Ẹ̀fọ́ ṣì máa gbèrú níbẹ̀, àmọ́ inú àpótí lórí ilẹ̀ náà la máa gbìn ín sí. Ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ tó nípọn tí omi lè gbà kọjá lé e. Ẹ kan àpótí onígi tó ga dé orúnkún, kó jìnnà sí ara ògiri, torí ọ̀dà àtijọ́ ń já bọ́ láti ibẹ̀. Igi tuntun ni o, kì í ṣe igi ìjókòó tí ẹlòmíì jù sójú títì, ọ̀dà àtijọ́ lè wà lára rẹ̀. Ẹ ra erùpẹ̀ mímọ́, ẹ pò ó mọ́ ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa. Gbogbo ilẹ̀ tó kù láàárín àpótí, ẹ fi èérún igi bò ó nípọn, kí ẹsẹ̀ má baà rí erùpẹ̀ mọ́. Lára fẹ́ńsì, ẹ gbin òdòdó, torí kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́. Ẹ má gbin tẹ̀tẹ̀ kó tó di ìparí oṣù karùn-ún. Ata tẹ̀ lé e. Ní ọdún àkọ́kọ́ tá a ṣe é báyìí, Míṣítà Ẹ́lísì ni mo kọ́kọ́ gbé abọ́ ẹ̀fọ́ fún, pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó ka ìwé náà tán kó tó mú ṣíbí.

Àbẹ̀kẹ́, mo mọ̀ pé bí o bá ka èyí tán, inú lè bí ọ. O máa bi ara rẹ bóyá ohun kan wà tó ṣòro fún ọ nílé ìwé tí kì bá má ṣòro. Mo ti bi ara mi bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tó o mú káàdì ìdánwò wálé, kódà èyí tó o ti gba ipò kìíní. Mi ò sọ ọ́ fún ọ kó o lè dárí jì mí. Mo sọ ọ́ torí ẹnu Ìyanu tó dúdú nínú fọ́tò yẹn.

Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́ fún Sátidé. Màá dé ọ̀dọ̀ yín ní aago mẹ́sàn-án pẹ̀lú ọ̀rá mẹ́fà tí ẹ máa bu erùpẹ̀ sí. Bí ìbínú bá le débi pé o ò fẹ́ rí mi lọ́jọ́ náà, má ṣílẹ̀kùn. Gba àwọn ọ̀rá náà láti ojú fèrèsé, kí Dàpọ̀ bu erùpẹ̀ náà, kí Ìyanu wà lórí ẹní nínú ilé. Màá dúró níta kí n gbà wọ́n padà, màá sì fi wọ́n ránṣẹ́ fúnra mi.

Èmi ni,
Fọlákẹ́, ìyá rẹ.